Kí Ẹ Tó Ṣe Ẹ̀rọ Gàrí Mìíràn ní Òṣòdì, Ẹ Ṣe Èyí Tó Máa Wọ̀n Ọ́n

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ gàrí ni mo bá dé lónìí. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe pe gàrí báyìí, àwọn kan nínú yín ti ń wá omi tútù àti ẹ̀pà kiri. Ẹ fara balẹ̀ ná. Ohun tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kó tó di gàrí, àti bí a ṣe máa mọ̀ pé ó ti kúrò níbẹ̀, ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ náà sì kan Òṣòdì gidi gan-an.

Tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù Cappa lójú Agege Motor Road, tẹ́ ẹ wá yà sí àdúgbò Blind Centre, ẹ máa bá iléeṣẹ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FIIRO. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ni. Lẹ́tà O tó kẹ́yìn orúkọ yẹn, Òṣòdì ló dúró fún. Ọdún 1956 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún mẹ́rin ṣáájú òmìnira, lẹ́yìn tí àwọn tí Báńkì Àgbáyé rán wá láti yẹ ọrọ̀ ajé wa wò ti dámọ̀ràn pé kí Nàìjíríà ní irú ibẹ̀, kí wọ́n lè máa wá ọ̀nà láti sọ ohun tí a ń gbìn di ohun tí a lè ṣe ní iléeṣẹ́. Èmi tí mò ń gbé ní Ìsọlọ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá. Ẹ dúró lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì kẹ́ ẹ bi àwọn tó ń sáré wọ dáńfó léèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ó máa pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó mọ̀.

Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe soy-ogi, ìyẹn ògì àgbàdo tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà kún kí èròjà amúaradàgbà lè pọ̀ nínú oúnjẹ ọmọdé. Wọ́n wà lára àwọn tó jà fún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ nínú búrẹ́dì. Ìjọba Ọbásanjọ́ wá pàṣẹ ní 2005 pé kí àwọn tó ń lọ ìyẹ̀fun máa fi ti ẹ̀gẹ́ kún ti wíìtì, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ti gàrí, I. A. Akínrẹ̀lé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣèwádìí rẹ̀ ní Òṣòdì láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àwọn ló fi hàn pé ẹ̀gẹ́ rírin tó ń gba ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kó tó kan, èèyàn lè mú un wá sí nǹkan bíi wákàtí 24 tó bá bu omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan tẹ́lẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ńláńlá dé, èyí tó ń rin ẹ̀gẹ́, tó ń fún un, tó ń sẹ́ ẹ, tó sì ń yan án.

Gbogbo èyí dáa. Ibi tí mo ti fẹ́ yà ni pé láti àkókò yẹn, tí wọ́n bá ti ní àwọn fẹ́ ran gàrí lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n máa ń gbé jáde. Ti ọdún yìí á tóbi ju ti èṣí. Ti ọdún tó ń bọ̀ á máa dán. Ẹ̀rọ tó ń wo iṣẹ́ ni mi ò kì í gbọ́ ariwo rẹ̀, èyí tó máa sọ fún ẹni tó wà nídìí àgbadá, nísinsìnyí tí gàrí ṣì wà lórí iná, pé omi inú rẹ̀ ṣì kù báyìí, pé ooru ti pọ̀ jù, pé májèlé ti lọ tàbí kò tíì lọ. Èmi ń sọ ọ́ kedere pé irú ẹ̀rọ yìí ló yẹ kí àwọn ará Òṣòdì gbájú mọ́ fún ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀, kódà tó bá máa gba pé kí wọ́n má ṣe ẹ̀rọ ìyangàrí tuntun kankan.

Májèlé kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ gbọ́n. Kò lè sá fún eku àti kòkòrò, torí náà ó gbé ohun ìjà sára. Ó tọ́jú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní linamarin sí inú àpò kékeré tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ó wá tọ́jú ẹ́ńsáìmù tó lè já a, linamarase, sí ara ògiri sẹ́ẹ̀lì. Àwọn méjèèjì ò ríra. Ọjọ́ tí eku bá gé e jẹ ni ògiri wó, tí wọ́n pàdé, tí sáyánáìdì bá jáde. Ohun tí eku ṣe yẹn náà ni ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ ń ṣe, ó kàn jẹ́ pé tiwa kárí gbogbo iṣu ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Gbogbo wa la gbà pé kíkan ló ń lé májèlé jáde. Ní 1959, Collard àti Levi tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature tí wọ́n fi ṣàlàyé kíkan ẹ̀gẹ́ ní ìpele méjì, bakitéríà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà olú wẹ́wẹ́, àlàyé yẹn sì wọ inú ìwé káàkiri. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1990, àwọn oníwádìí mìíràn wọ̀n ọ́n láti wákàtí dé wákàtí. Wọ́n rí i pé láàárín wákàtí mẹ́ta tí wọ́n rin ẹ̀gẹ́ tán, ó kéré tán ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún linamarin ti já. Rírin ló ṣe iṣẹ́ náà! Kíkan ń fún gàrí ní adùn àti òórùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ tún lọ́ pọ̀ níbẹ̀: nígbà tí linamarin bá já, ohun tó kọ́kọ́ ń dà ni cyanohydrin, kó tó wá di afẹ́fẹ́ sáyánáìdì. Cyanohydrin yìí ò fẹ́ já níbi tó bá kan. Bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń kan sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí i. Jáàkì tí wọ́n fi ń fún àpò ló ń fún apá kan rẹ̀ jáde mọ́ omi, iná abẹ́ àgbadá ló sì ń lé ìyókù lọ. Afẹ́fẹ́ sáyánáìdì fúnra rẹ̀ máa ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 26 lórí Celsius, ọ̀sán Èkó lásán ti gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ rí i? Èèyàn ò lè ka ọjọ́ kó fi sọ pé gàrí yìí ò léwu. Ìyá tó fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún àmọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò rin ẹ̀gẹ́ kúnná, tó tún ń kánjú lórí iná, gàrí rẹ̀ lè burú ju ti ẹni tó lo ọjọ́ kan péré àmọ́ tó rin ín dáadáa, tó fún un gbẹ, tó sì yan án jinná. Kò sí bí ojú ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àfi ká wọ̀n ọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mò ń sọ. Ní ilẹ̀ wa níbí, ní yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpa àrùn kan tó ń mú kí ẹsẹ̀ máa jó èèyàn bí iná, tí ìrìn rẹ̀ á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí ojú á máa di bàìbàì, tí etí náà á máa di. Ó kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Brain ní 1968. Àwọn tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò ní agbègbè bí Ẹ̀pẹ́ jẹ́ àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ni láàárọ̀, ẹ̀gẹ́ ni lálẹ́, ó sì di sáyánáìdì inú rẹ̀ mú gẹ́gẹ́ bí ohun tó fà á. Àwọn oníwádìí tó tẹ̀ lé e ti jiyàn bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ló fà á lóòótọ́, iyàn náà ò sì tíì parí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e yẹ̀ wò: orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé ni wá, ó lé ní 50 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún. Tí a bá wọ̀n ohun tí à ń jẹ léraléra láti ọdún gbọọrọ, a ò bá ti ní ohun tí a máa fi parí iyàn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ní báyìí? Ní láàbù tó ní irinṣẹ́, ó ṣeé ṣe. Ọ̀nà tó rọrùn jù tí mo mọ̀ ni ti bébà picrate, èyí tí Howard Bradbury àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Australia ṣe àkójọ rẹ̀ sínú páálí kékeré ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n á fi ẹ̀gẹ́ tàbí gàrí díẹ̀ sínú ìgò ṣíṣu, wọ́n á fi bébà aláwọ̀ yẹ́lò sókè rẹ̀, wọ́n á dé e pa. Sáyánáìdì tó bá jáde á máa sọ bébà náà di pupa rúsúrúsú. Wọ́n á wá gbé àwọ̀ rẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ káàdì kan kí wọ́n fi mọ iye tó jẹ́. Ohun tó dára ni, kò wọ́n, kò nílò iná. Àmọ́ wákàtí 16 sí 24 ló ń gbà. Nígbà tí bébà yẹn á fi sọ̀rọ̀, gàrí ti wọ àpò, àpò ti wọ ọkọ̀, ọkọ̀ ti dé Mile 12. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún dírẹ́bà dáńfó lónìí pé ó ti wọ ojú ọ̀nà BRT lánàá. Kí ló fẹ́ ṣe sí i?

Ohun tí mò ń pè ní ìwọ̀n ojú ẹsẹ̀ nìyẹn: nọ́ńbà tó dé nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tún nǹkan ṣe. Kò di dandan kó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi ń yan àgbadá kan, nọ́ńbà tó dé láàárín ìṣẹ́jú kan ti tó.

Ẹ tún wo ẹlòmíràn tó wà ní Òṣòdì kan náà. Àwọn NiMet, àwọn tó ń wo ojú ọjọ́, ní ọ́fíìsì àti ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, nítòsí pápákọ̀ òfuurufú. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn wà lára àwọn tí àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé fọwọ́ sí fún kíkọ́ àwọn ará Áfíríkà níṣẹ́. Ní ti ojú ọjọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti yé wọn tipẹ́. Tí o bá gbé agbada sílẹ̀ láti gba òjò, tí o wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iye òjò ọjọ́ kan lo mọ̀. O ò mọ̀ bóyá ó rọ̀ wọ́ọ́wọ́ọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tàbí ó dà lé wa lórí láàárín wákàtí méjì. Àwa tí a wà ní Èkó ní 10 July 2011 mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì dáadáa. Gọ́tà Ìsọlọ̀ ò bìkítà nípa àròpọ̀ òjò ọjọ́ kan; bó ṣe ń wọlé níṣẹ̀ẹ́jú níṣẹ̀ẹ́jú ló ń pa á. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ojú ọjọ́ tó ń ka nǹkan fúnra rẹ̀ fi ń rọ́pò ìgò àti ìwé àkọsílẹ̀. Kí ló dé tí gàrí ò lè ní irú rẹ̀?

Ní ìdí àgbadá, ìwọ̀n ojú ẹsẹ̀ ti wà tipẹ́tipẹ́, ẹ̀rọ ni ò sí. Màmá ọ̀rẹ́ mi kan ń yan gàrí lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì wọ́n, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó sọ̀ kalẹ̀?" Wọn ò tiẹ̀ wo àgbadá nígbà tí wọ́n ń dá mi lóhùn. "Ọmọ mi, ṣé o ò gbọ́ ọ ni? Tó bá ṣì lómi nínú, á dún mùkẹ̀mùkẹ̀. Tó bá ti gbẹ, á máa dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀." Wọ́n bu díẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò ra á mọ́ ìka, wọ́n jù ú sẹ́nu. Ó tán. Etí, ìka, ahọ́n: sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta, nígbà tí ẹnjiníà ṣì ń wá ibi tó máa ki wáyà bọ̀.

Èmi ò gbà pé ẹ̀rọ tí a fẹ́ ṣe ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kó ti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ wo ti dídún yẹn. Máíkì kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgbadá lè gba ìró gàrí sílẹ̀. Tí a bá gba ọgọ́rùn-ún àgbadá sílẹ̀, tí ìyá ń sọ ìgbà tó tó, tí láàbù sì ń wọ̀n omi inú rẹ̀, kọ̀ǹpútà lè wá ohun tó so àwọn mẹ́ta pọ̀. Bóyá ó máa ṣiṣẹ́, bóyá kò ní ṣiṣẹ́, ó yẹ ká dán an wò. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí èèyàn jókòó sí Òṣòdì láì tíì yan gàrí rí, kó wá ya àwòrán ẹ̀rọ tó máa wọ̀n ọ́n.

Ní báyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kí ọwọ́ yín máa kan wáyà, ẹ sún mọ́bí. Kí ni ẹ̀rọ náà nílò gan-an?

Ooru ló rọrùn jù. Àmọ́ ẹ má lọ ra DS18B20 tó wà nínú gbogbo àpótí Arduino, ìwọ̀n 125 ló lè dé, irin àgbadá sì máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Thermocouple type K ni kẹ́ ẹ lò, ó lè fara da ìwọ̀n 1,000, kò sì wọ́n. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru onínàá tí wọ́n fi ń na iwájú orí wa nígbà Kòrónà ńkọ́? Oruku gàrí àti irin tó ń dán máa ń tàn án jẹ, ẹ fi í sílẹ̀.

Omi inú gàrí ló tẹ̀ lé e. Òfin oúnjẹ àgbáyé, Codex, ní kó má ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, torí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, á bu nínú àpò. Ní láàbù, ńṣe ni wọ́n máa ń gbẹ ẹ́ nínú ààrò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí wọ́n tó tún un wọ̀n. Ọ̀nà ojú ẹsẹ̀ wà: tí a bá fi gàrí sáàárín irin pẹlẹbẹ méjì, agbára àwọn irin náà láti tọ́jú iná mànàmáná máa ń yí padà gẹ́gẹ́ bí omi inú rẹ̀. Nọ́ńbà omi nínú ọ̀rọ̀ yìí tó nǹkan bí 80, ti sítáàṣì gbígbẹ ò ju díẹ̀ lọ. Nítorí náà omi kékeré á hàn gedegbe. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí gàrí bá kúnná ju ti àná lọ, tàbí tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, nọ́ńbà á yí. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ Òṣòdì sì ni.

Fún kíkan, pH la fẹ́ wọ̀n. Pírọ́òbù onígíláàsì máa ń gbé nǹkan bíi mílífóòtì 59 jáde fún ìgbésẹ̀ pH kan. Iná yẹn ò lágbára rárá, wáyà gígùn lè dà á rú. ESP32 tí gbogbo wa fẹ́ràn ní ibi tí wọ́n ti ń ka iná, àmọ́ ó máa ń tẹ̀ nígbà míì, ẹ ra ADS1115 kún un, kò tó nǹkan.

Sáyánáìdì fúnra rẹ̀ ló le jù. Sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ sáyánáìdì wà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà góòlù máa ń gbé e sáyà. Àmọ́ wọ́n ṣe ìyẹn fún afẹ́fẹ́ tó mọ́ díẹ̀. Ẹ gbé e sókè àgbadá gàrí kẹ́ ẹ rí nǹkan: oruku ni, erukú ni, èéfín igi ni. Ọdún bíi méjì ni irú sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń lò níbi tó dáa; ibí yìí kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lè ṣe ìbòrí kan tó máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé kó sì dá omi àti erukú dúró, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Mo mọ àwọn ọmọ wẹ́dà ní Mátọ̀rì tí wọ́n lè rọ irú àpótí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan tẹ́ ẹ bá fi àwòrán hàn wọ́n. Ìmọ̀ ò jìnnà síra rárá láàárín Òṣòdì, Mushin àti Ìsọlọ̀. Ògiri FIIRO nìkan ló wà láàárín.

Mo ti ń gbọ́ yín. Ṣebí a lè ra gbogbo rẹ̀ láti China? Sẹ́ńsọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká rà á, kò sẹ́ni tó ní ká lọ máa yọ́ gíláàsì ní Òṣòdì. Àmọ́ ẹ̀rọ odidi tí wọ́n ti dì pa? Mo ti rí ọ̀kan rí ní láàbù kan tí mi ò ní dárúkọ. Ó tóbi, ó dán, wọ́n fi aṣọ bò ó bí ọba tó wàjà. Pátákó iná rẹ̀ ló jó nígbà tí iná NEPA dé pẹ̀lú agbára, ẹni tó lè tún un ṣe wà ní Yúróòpù, owó tí wọ́n ní kí wọ́n san kó tó wọ bàálù kò kéré. Ìwé ìlànà ṣì wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo àwọn tó gba ọ̀nà mìíràn. Ní yunifásítì Makerere ní Uganda, àwọn AirQo fi ọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ìdọ̀tí afẹ́fẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Wọ́n mọ̀ pé iná á máa lọ, pé erukú Kampala ò kéré, pé ọ̀kadà pọ̀ níbẹ̀, torí náà wọ́n fi oòrùn àti bátìrì gbé e ró, wọ́n tiẹ̀ so àwọn kan mọ́ ọ̀kadà. Àwọn TAHMO, tó ń gbé ẹ̀rọ ojú ọjọ́ kalẹ̀ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ káàkiri Áfíríkà, lo ẹ̀rọ tí kò ní ohunkóhun tó ń yí lára: ó ń ka ẹ̀kán òjò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìró wọ̀n afẹ́fẹ́. Kí ló dé? Torí ohun tó ń yí ni aláǹtakùn máa ń ta okùn sí, òun ni erukú máa ń dè. Bí èèyàn ṣe ń ronú tó bá mọ ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ fẹ́ gbé nìyẹn.

Àtakò kejì tún lágbára ju ìyẹn lọ. Àwọn kan á ní, ọ̀pọ̀ gàrí wa, ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe díẹ̀díẹ̀ lábúlé ló ti ń wá. Ta ló fẹ́ gbé ESP32 fún wọn? Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo ibi tí gbogbo wọn ti ń pàdé: ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo lè máa rin ẹ̀gẹ́ fún odidi àdúgbò. Mo ti sọ lókè pé rírin ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Tí a bá gbé ìwọ̀n kan síbẹ̀, kó máa sọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe kúnná sí, kó sọ ìgbà tí eyín ẹ̀rọ ti kú tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ páànù rẹ̀, a ti ran gbogbo wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láì fi wáyà kan ojú àgbadá ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an kì í ṣe owó. Ẹni tó máa ni nọ́ńbà yẹn ni. Codex ní sáyánáìdì inú gàrí kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 2 nínú kílò kan lọ. Tí ẹ̀rọ bá wá sọ pé ti ìyá kan jẹ́ 5, ta ló kọ́kọ́ gbọ́? Tó bá jẹ́ pé fóònù ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ló kọ́kọ́ dún, tí wọ́n wá rán èèyàn wá ti ilé ìyangàrí pa, mo fi dá yín lójú pé láàárín oṣù kan gbogbo ẹ̀rọ náà á ti bàjẹ́, omi á ti "ṣèèṣì" dà sí wọn. Èmi náà á bá wọn da omi sí i. Ìyá tó ni gàrí ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i, ní àwọ̀ tó yé e, kó lè dá gàrí padà sórí iná. Lẹ́yìn náà la lè jọ sọ̀rọ̀ nípa ìjọba. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́.

Kí ni mo wá ń béèrè lọ́wọ́ FIIRO? Tábìlì kan. Tábìlì gbọọrọ kan tó ní iná tó dúró, irin ìjópọ̀, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àgbadá gidi kan pẹ̀lú ẹni tó mọ gàrí yan, tí wọ́n ń sanwó fún bí wọ́n ṣe ń sanwó fún oníwádìí. Àwọn ọmọ YABATECH, UNILAG àti LASU tó ń wá ibi tí wọ́n á ti ṣe IT lọ́dọọdún, kí wọ́n gbà wọ́n síbẹ̀ dípò kí wọ́n máa rán wọn lọ ra oúnjẹ ọ̀sán níbòmíì. Àwòrán ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣe, kí wọ́n gbé e sí gbangba, kí ọmọ Ilasamaja tàbí ọmọ Cotonou lè ṣe tirẹ̀. Ohun kan tí ọmọ ilé ò lè dá ní, tó jẹ́ pé láàbù bíi tiwọn nìkan ló lè fún un, ni ohun ìfiwéra: gàrí tí wọ́n ti fi ọ̀nà tó dájú wọ̀n, tí a mọ sáyánáìdì àti omi inú rẹ̀ pàtó, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kékeré tí wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́. Ẹ̀rọ tí kò bá tíì pàdé irú gàrí bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ojú rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti Bàbá Ìjẹ̀bú. Kí wọ́n máa ta ọ̀rá yẹn ní iye tí akẹ́kọ̀ọ́ lè san. Òun ni mo fẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, òun náà ló sì rọrùn jù fún wọn láti bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló wà, ooru la máa kọ́kọ́ ṣe, nítorí oṣù kan ti tó. Omi inú gàrí á tẹ̀ lé e. Kí a tó dé orí sáyánáìdì, a ti máa mọ ohun tí oruku àti erukú ń ṣe sí àpótí wa, bébà picrate á sì máa bá wa ṣẹ́ṣọ́ọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, wákàtí 24 rẹ̀ kò dí wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ra nǹkan ní Computer Village láti fi gbìyànjú, tẹ́ ẹ bá ní pírọ́òbù pH tó ń gbẹ lọ nínú dúrọ́ọ̀, ẹ lọ rì í sínú omi potassium chloride 3 mólà lálẹ́ òní. Tí gíláàsì ẹnu rẹ̀ bá gbẹ pátá, ẹ lè ní láti ra òmíràn.